Ibùgbé Àtàǹpàkò: Láti Kétu dé Oǹdó

Ẹ̀yin ará mi ní Kétu, láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń bi mí léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ni mo jẹ lọ́hùn-ún, ṣé lóòótọ́ ni ará Nàìjíríà máa ń jágbe mọ́ àlejò, ṣé mo rí ohun tí mo lọ wá. Ẹnu mi nìkan kò lè yí gbogbo agbo ilé ká. Ọlọ́run tó mú mi lọ ló mú mi bọ̀, mo sì ti dúpẹ́ níwájú pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìyókù kọ̀wé.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé, àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà ní ìdálẹ̀ lè má mọ̀. Dọ́bù báàsì kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tó ga jù mí lọ, tó rí bí gòjé ńlá tí wọ́n gbé nàró. Bàbá Sámúẹ́lì, tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Sámúẹ́lì, ló mú un bọ̀ láti Oǹdó, níbi tó ti ṣiṣẹ́ oko kòkó nígbà èwe rẹ̀. Òun ló ń ta á lẹ́yìn akọrin títí Olúwa fi pè é. Bí ó bá ti ń ta á, ìyàwó rẹ̀, Màmá Sámúẹ́lì, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn pátápátá, á sì na ọwọ́ kan sókè. A máa ń sọ láàárín ara wa pé Ẹ̀mí ti bà lé Màmá. Láti ìgbà tí bàbá ti sùn nínú Olúwa, ọwọ́ yẹn kò gòkè mọ́.

Èmi Fẹlísíà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ni wọ́n ní kí n bọ́ sípò bàbá. Mo lè ka nọ́ọ̀tì. Ọwọ́ òsì mi tó ń tẹ okùn kì í ṣìnà. Síbẹ̀, ohùn tó ń jáde, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Àlàgbà Kọ́lá káfíńtà, tí kì í fi òótọ́ pamọ́, ní ó dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ṣèèṣì kọ lu okùn ìsáṣọ. Nígbà tí ó yá, ìgbìmọ̀ ìjọ sọ pé bí ìkórè bá dé tí báàsì kò tíì fọhùn, kí wọ́n gbé e wọ yàrá ìkẹ́rù, kí kíbọ́ọ̀dù máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ mọ yàrá yẹn. Inú rẹ̀ ni ikán ti jẹ dùùrù àkọ́kọ́ tí ìjọ wa ní.

Màmá Sámúẹ́lì gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ẹ mọ̀ pé ojú Màmá ti ń ṣú.

Ó ní, "Fẹlísíà, ojú ti ń lọ, etí ló kù fún mi. Ohùn igi yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá wà níwájú, bí èmi ti wà lẹ́yìn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé e fún ikán. Ẹni tí òun àti bàbá jọ kọ́ ọ ṣì wà láàyè ní Oǹdó. Lọ bá a."

Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn.

Àkúrẹ́

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí mo dé Àkúrẹ́. Àpáta dúdú yí ìlú náà ká, omi ń ṣàn lára wọn, oòrùn sì tún yọ sórí omi náà tó fi dà bíi pé ẹnì kan fi òróró pa àpáta lára. Àwa tí ilẹ̀ wa tẹ́jú, ojú wa kì í kúrò lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wò ó, títí ọlọ́kadà kan fi bi mí bóyá mo fẹ́ ra àpáta ni.

Ilé Àlàájà Sídíkátù ni mo wọ̀ sí, ní ẹ́sítéètì Ijapo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ta aṣọ ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló sì máa ń sùn bí ó bá wá ra ọjà lọ́dọ̀ wa. Mo rò pé yóò fún mi ní ẹní. Ibùsùn tirẹ̀ ló fún mi. Nígbà tí mo kọ̀, ó ní, "Ṣé ìyá ẹ fún mi ní ẹní rí? Gun orí ibùsùn, jọ̀ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, òun ló jí mi. Ó ti kírun, ó ti gbá àgbàlá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn rẹ̀.

"Fẹlísíà, aago ṣọ́ọ̀ṣì yín ti lù. Èmi ti kí Olúwa mi tán láti ìdájí, ìwọ ṣì ń hanrun."

"Àlàájà, ọ̀nà ló mú kí ó rẹ̀ mí."

"Ṣé ó rẹ Ọlọ́run náà? Dìde."

Mo rántí rẹ̀ nínú àdúrà mi lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń rántí rẹ̀. Mo ti rí onígbàgbọ́ tí kò jí mi fún ìsìn rí, mo wá rí Mùsùlùmí tó jí mi.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run: a kò tíì jẹ iyán. Èyí tí à ń jẹ ní Kétu dára, ṣùgbọ́n iyán Àkúrẹ́ ń fà, ó sì ń rọ̀, kò ní kókó kan ṣoṣo. Aládùúgbò Àlàájà, Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ bíbí Àkúrẹ́, ló gún un fún mi. Ó jókòó tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń bu òkèlè.

"Ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ bọ́ ni, Àǹtí Kútọnu?"

"Ìyá Bọ́sẹ̀, mi ò wá láti Kútọnu. Kétu ti apá Faransé ni mo ti wá."

"Ẹ má bínú, Àǹtí Kútọnu. Ẹ bu òkèlè gidi."

Títí mo fi kúrò, orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Wọ́n ń pe ilé ní "ulé", wọ́n ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", mo sì rò pé àwọn ni èdè wọn yàtọ̀, títí mo fi rí i pé èmi ni gbogbo wọn ń fetí sí bí ẹni ń gbọ́ rédíò ìlú òkèèrè. Nínú ọjà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ran kan, "mẹ̀sí" ti Faransé ló sì bọ́ lẹ́nu mi láìròtẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹran. "Madam, wetin be mẹ̀sí? Ẹran màlúù nìyí o." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi egungun kan lé e. Àlejò kì í ní ojú tì í níbẹ̀ ju bí ó ṣe fẹ́ lọ.

Oǹdó

Kí ẹ tó rí Oǹdó ni ẹ ó ti gbóòórùn rẹ̀. Ìgbà kòkó ni mo dé, wọ́n sá kòkó sí etí ọ̀nà, lórí ẹní àti lórí ọ̀rá, òórùn rẹ̀ sì ń kan díẹ̀, ó ń dùn díẹ̀, bí ẹmu tó ti sùn. Mo ronú pé òórùn yìí ni Bàbá Sámúẹ́lì ń gbọ́ nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tí kò mọ̀ pé òun yóò gbé ohun èlò ńlá kan padà sí Kétu dípò ọrọ̀.

Ẹni tí Màmá ní kí n wá ni wọ́n ń pè ní Bàbá Tíṣà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkùnrin gígùn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wọ bàtà tó dán nínú ilé ara rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ tí Màmá rán mi. Ó ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó yí i sókè, ó wo ṣóńṣó ìka méjì tí mo fi ń ta okùn, tó ti lé.

"Ẹ̀gbẹ́ bíríìjì lo ti ń ta á."

Bíríìjì ni igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn sókè kúrò lára àpótí báàsì. Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Ìka rẹ ló sọ fún mi. Okùn le níbẹ̀, á máa jẹ ènìyàn. Sámúẹ́lì ńkọ́?"

Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì gbọ́. Mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn kan nínú ọ̀fun, kì í ṣe ohùn òkè tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni, ẹsẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, ó nu ojú rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Màmá, àlejò Sámúẹ́lì dé. Ẹ fún un lóúnjẹ."

Ọbẹ̀ Marúgbó ni Màmá Tíṣà gbé wá, ọbẹ̀ ewé tó dúdú bí aró. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí díẹ̀. Ó korò lórí ahọ́n, lẹ́yìn náà ó gbóná dé ìsàlẹ̀ ikùn, ara mi tó ti wó sí ojú ọ̀nà sì nà. Màmá Tíṣà ń wò mí.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń se é ní Kútọnu?"

Mo ní a kì í se é. N kò jiyàn Kútọnu mọ́.

Bẹ́ǹṣì ìkẹyìn

Bí Bàbá Tíṣà ṣe ń kọ́ni nìyí, n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ báàsì ní òun nìkan. Nígbà tí òun àti Bàbá Sámúẹ́lì jọ ń kọ́ ọ, báàsì kan ni wọ́n ní, ọ̀gá wọn sì fi dandan lé e pé bí ẹnì kan bá ń ta á, kí ẹnì kejì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Bí ohùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó na ọwọ́ sókè. Bí kò bá dé, kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Nísinsìnyí tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kejì, Màmá Tíṣà ló ń lọ jókòó lẹ́yìn, pẹ̀lú àwo ẹ̀gúsí tó ń bó lórí itan. Mo dúró lẹ́nu ibi tí akọrin ń jókòó sí, mo di ọrùn báàsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn mú, mo sì ta á bí mo ṣe máa ń ta á nílé, lẹ́bàá bíríìjì, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ohùn náà gún mi létí. Mo rò pé gbogbo Oǹdó ti gbọ́. Mo wo ẹ̀yìn: Màmá ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Ẹ ta á sókè díẹ̀, Àǹtí," ó ké sí mi láti ọ̀hún.

Bàbá Tíṣà gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìwọ náà lọ jókòó ti Màmá."

Mo lọ. Ó kọ́kọ́ ta á ní ẹ̀gbẹ́ bíríìjì, bí tèmi. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti bọ́ sípò bàbá, ẹ dárí jì mí: ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹran lára, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó kọjá àárín ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ rẹ̀ gòkè gan-an, dé orí pátákó dúdú tí ọwọ́ òsì ń tẹ okùn mọ́. Ohùn rọ̀, ó ṣókùnkùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ aṣọ ìbora. Nígbà tó wá sọ ọwọ́ kalẹ̀ sí ibi tí pátákó dúdú náà parí sí, tó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, n kò lè sọ pé etí ni mo fi gbọ́ ọ. Bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé gbọ̀n. Ẹ̀gúsí mì nínú àwo. Màmá Tíṣà gbé ọwọ́ rẹ̀ tí èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ sókè, láìwo ọkọ rẹ̀ rárá.

Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Mo ti rí irú rẹ̀ rí ní Kétu.

Mo bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ ìyàwó Bàbá Sámúẹ́lì?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìhín ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń jókòó síbí, àwọn ọkọ wa á máa fi orí okùn bá ara wọn figagbága. Ọwọ́ ẹ̀ le, kì í na ọwọ́ fún ọkọ ẹ̀ bọ̀rọ̀. Á ní, 'Kò tíì dé o, Sámú.'"

Ohun tí a fi pọ́tì dí

Láti ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bàbá Tíṣà kò fi ìwé kankan kọ́ mi. Ó di ìka mi mú, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Má fi ṣóńṣó ìka ta á. Dùbúlẹ̀ ìka rẹ sára okùn bí ẹni tó fẹ́ sùn tì í. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí o fi fà á, sí ẹ̀gbẹ́ kan, má fà á sókè. Jẹ́ kí apá bá ìka lọ. Ìka kò lágbára, apá ló ni agbára."

"Bàbá, ọwọ́ mi kò dúró sójú kan. Ó ń rìn."

"Nítorí pé kò ní ilé. Fi àtàǹpàkò rẹ síbí."

Ó gbé àtàǹpàkò mi lé ẹ̀gbẹ́ pátákó dúdú náà, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀, ó dán, ó jinlẹ̀ bí ojú ṣíbí. Àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà àtijọ́.

Mo ní, "Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ. Èmi ni, àti Sámúẹ́lì, àti ọ̀gá wa ṣáájú wa. Awọ ara ló jẹ igi. Èyí tí Sámúẹ́lì gbé lọ náà á ti ní tirẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ọdún tí a kun gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, tí a kun bẹ́ǹṣì, tí a kun pẹpẹ, tí a kun ilẹ̀kùn, ìgbìmọ̀ ní a kò gbọdọ̀ fi báàsì bàbá sílẹ̀ láìkùn. Àlàgbà Kọ́lá rí ibi kan tó jẹ lára rẹ̀. Ó rò pé kòkòrò ni. Ó fi pọ́tì tí àwọn káfíńtà fi ń dí ihò igi dí i, ó họ ọ́ kúnná, ó sì fi váníìṣì bẹ́ǹṣì kùn ún. A pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà náà, kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ọ títa láti ìgbà tí bàbá ti kú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ohun tí a dí kì í ṣe àbùkù.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Tíṣà. Mo rò pé inú yóò bí i. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi.

"Màmá, ẹ wá gbọ́. Wọ́n tún ilé Sámúẹ́lì ṣe, wọ́n sì dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin akọrin mọ̀. Ó ní kòtò náà kì í ṣe òfin. Ilé ni. Ènìyàn a máa jáde nílé, a sì máa padà. Bí àwọn ọmọkùnrin ìjọ bá ń yan wọlé pẹ̀lú ìlù, òun máa ń súnmọ́ bíríìjì díẹ̀, kí ohùn lè ní eyín láàárín ariwo. Bí ó bá jẹ́ ìsìn àṣálẹ́ tàbí ìsìn òkú, òun á gòkè sórí pátákó, kí ohùn lè rọ̀ bí òwú. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ilé," ó ní, "tó bá jáde, ó sọnù ni."

Mo ń ta, Màmá Tíṣà ń bó ẹ̀gúsí. Àpá ìka mi jinná ní ṣóńṣó, ó sì tún yọ ní ẹ̀gbẹ́, níbi tó yẹ. Ní àárọ̀ kan tí n kò tilẹ̀ retí nǹkan kan, tí apá mi ti rẹ̀ tó sì ń já bọ́ fúnra rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, ọwọ́ kan wà lókè. N kò lè tẹ̀síwájú. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàsì, mo dúpẹ́.

Nígbà tí mo ń lọ, àwọn méjèèjì sìn mí dé ibùdókọ̀. Màmá Tíṣà di ẹ̀gúsí bíbó fún mi, ó ní kí n gbé e fún ọ̀rẹ́ òun. "Sọ fún un pé ọwọ́ tèmi ti ń dùn mí, pé ó kù sí i lọ́wọ́."

Ilé

Ìkórè ti súnmọ́ nígbà tí mo dé. Àlàgbà Kọ́lá ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Mo ṣàlàyé fún un, ó gbọ́ mi tán, ó gbé irin ìgbẹ́gi rẹ̀, a sì jọ lọ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ váníìṣì. Ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ. Nígbà tí pọ́tì náà já bọ́ ní odidi, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ kan inú kòtò náà, ó sì tètè yọ ọ́.

"Ó dán," ó ní. "Káfíńtà kan kò lè ṣe irú èyí. Fẹlísíà, ta á kí n gbọ́, bóyá ewúrẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀."

Mo ní kí ó dúró di ọjọ́ Sunday.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe kún. Iṣu, àgbàdo àti ọsàn wà níwájú pẹpẹ, kíbọ́ọ̀dù tuntun wà lórí tábìlì rẹ̀, ìgbìmọ̀ jókòó sí ìlà kìíní. Mo dúró, mo fi àtàǹpàkò wá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Bàbá Sámúẹ́lì ga jù mí lọ, mo ní láti ti ẹsẹ̀ irin abẹ́ báàsì wọlé kí ó lè kúrú, kí apá mi tó lè dé ibi tí ó ti gbé. Mo dùbúlẹ̀ ìka mi sára okùn. Nígbà tí akọrin gba ẹsẹ̀ kìíní, mo jẹ́ kí apá já bọ́.

N kò gbọ́ ara mi dáadáa. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, kì í ṣe ara rẹ̀ ni ẹni tó ń ta báàsì ń ta á fún. N kò wo ìgbìmọ̀. Mo wo bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, níbi tí Màmá Sámúẹ́lì jókòó sí, tó tẹ orí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ kọjú sí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kìíní parí. Kò mira. Mo rántí pé ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀, mo ronú kan iyán Àkúrẹ́, mo ronú kan Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi okùn tó nípọn jù lélẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Màmá gbé orí sókè. Ó dúró, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ gòkè.